Bí Kò Bá Fọhùn

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú yìgì Faridah ni mo ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Ọ̀pá mẹ́fà ni obìnrin náà ní kí n gé fún òun nínú àǹkárá aláwọ̀ aró. Mo nà án, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, síbẹ̀ ibi tí kò yẹ ni mo ti ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀. Mo tọrọ gáfárà, mo gé òmíràn fún un, mo tún fi ti àkọ́kọ́ ṣe ènì. Ó gbà á, ó ń kùn lọ.

Ìyá Fọládé ni ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi lọ́jà Odò-Orí. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn tí ojú rẹ̀ ń fò.

"Nusirat, kí ló ń lé ọ?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Irọ́ lò ń pa. Láti àárọ̀ lo ti ń jókòó, tó o tún ń dìde, bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ."

Òótọ́ ló sọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Bí mo bá jókòó, mi ò ní pẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mi ò lè sọ, èmi tí gbogbo ọjà mọ̀ pé n kì í gbé ọ̀rọ̀ mì.

Lánàá ọjọ́ náà ni Faridah wá bá mi ní ìsọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, àkọ́bí rẹ̀, ilé kéwú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo dá a lóhùn, kò dìde.

"Àǹtí, mi ò fẹ́ ẹ."

Yìgì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà yẹn, ọjọ́ Sátidé ni. Tẹjúmọ́lá ọmọ Àlàájì Fàtáì ni ọkọ tí wọ́n fẹ́ fún un, ọmọ tó kàwé, tó ń kírun, tí ojú rẹ̀ sì dùn ún wò.

"Ṣé ó lù ọ́ ni?"

"Rárá o."

"Ó ní obìnrin mìíràn níta?"

"Mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹlòmíràn wà lọ́kàn rẹ?"

"Kò sí, Àǹtí. Èèyàn dáadáa ni. Mi ò kàn fẹ́ ẹ ni."

Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo fẹ́ kó rí nǹkan kan tọ́ka sí, nǹkan tí èèyàn lè gbé síwájú àgbà. "Mi ò fẹ́ ẹ" lásán, ta ni mo fẹ́ gbé ìyẹn fún? Mo ti la ẹnu láti bá a wí kí n tó rántí pé èmi náà kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tèmi. Mo pa ẹnu dé.

"O ti sọ fún ìyá rẹ?"

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní gbogbo ọmọge ló máa ń rò bẹ́ẹ̀ bí yìgì bá ti sún mọ́lé."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n, Àǹtí? Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ fi Ọlọ́run ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Láti ìgbà náà ni ara ti ń yún mi.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi, Badrudeen, ni Lèmọ́mù àdúgbò wa. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń lò fún un, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ. Níkùn mi, "ó" ni mò ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì máa pè é níhìn-ín, ẹ má bínú. Láti èṣí ni òun àti àwọn Lèmọ́mù ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jà lórí òfin tuntun tí wọn yóò máa fi ṣàkóso ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn láwọn mọ́sálásí wa: bí wọn yóò ṣe máa yan Lèmọ́mù, bí wọn yóò ṣe máa pín ogún, bí wọn yóò ṣe máa so yìgì. Ìjọba kọ́ ló ṣe é. Àwa fúnra wa ni, torí ẹjọ́ ti pọ̀ jù níwájú àwọn ààfáà. Ẹ̀gbọ́n á gbé ogún àbúrò mì. Obìnrin á wá máa sunkún pé òun ò mọ ìgbà tí wọ́n so yìgì òun.

Ohun tí òfin náà sọ lórí yìgì kò gùn. Ìyàwó yóò jáde síta, yóò jókòó níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, Lèmọ́mù yóò bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Bí kò bá fọhùn, kò gbà.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kà á ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ààfáà Oyèdàmọ́lá ló kọ́kọ́ dìde. Àgbà ààfáà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ tó ti èèyàn mẹ́ta.

"Bí kò bá fọhùn báwo?" ló wí. "Dídákẹ́ ọmọge ni ìyọ̀ǹda rẹ̀. Hádíìsì ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ní àìnítìjú ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ hádíìsì náà, òun sì gbà á gbọ́. "Àwa ni a ò mọ dídákẹ́ kà," ló wí. "Dídákẹ́ ìtìjú wà, dídákẹ́ ẹ̀rù wà, ojú kan náà sì ni méjèèjì ní. Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù kó tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ni, a ò gbọdọ̀ so ó."

Láti apá àwa obìnrin, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ní ṣé Badrudeen tí mo mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yìí?

Nígbà tèmi, wọn kì í mú ìyàwó jáde. Inú iyàrá la máa ń wà, aṣọ á bò wá lórí, àwọn obìnrin á yí wa ká. Àwọn ọkùnrin tó wà níta á wá rán èèyàn wọlé pé kó lọ bi ìyàwó bóyá ó gbà. Oníṣẹ́ náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bèèrè. Ìyàwó ò ní fọhùn. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín pé ojú ń tì í, oníṣẹ́ á sì padà síta lọ kéde pé, "Ó gbà o!" Ohun tí a bá nílẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí i bí ohun tó burú.

Àgbẹ̀ oníkòkó kan ní Ilé-Ogbó ni wọ́n fún mi, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Badrudeen ni wọ́n rán wọlé wá bi mí. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ṣí aṣọ kúrò lójú. Mo fẹ́ kó rí mi. Omijé ti rin ọrùn aṣọ mi gbingbin, mi ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń wò ó. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ṣáà ni, á mọ̀. Ó wò mí. Ó yíjú kúrò. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn rẹ̀ níta, tó dún ketekete: "Ó gbà o!"

Ọkọ mi ò nà mí, kò sì febi pa mí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo gbé ilé rẹ̀ títí ó fi kú, mo padà sí Ìwó, mo ń ta aṣọ mi. Èmi àti Badrudeen ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí. A ó kíra, a ó bèèrè àlàáfíà ọmọ, a ó sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀wọ́n ọjà. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Yìgì Faridah ni wọ́n wá fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òfin náà. Lèmọ́mù ní bí òun bá fẹ́ kí ará ìlú gbà á, ọmọ òun ni kó kọ́kọ́ jáde síta. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò so ó, bàbá ìyàwó ni, Lèmọ́mù tún ni. Àlàájì Fàtáì, bàbá ọkọ, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í gbágbáágbá nígbà tí àwọn yòókù ń sá. Wọ́n tún pe Lèmọ́mù Ilé-Ogbó àti ti Olúpọ̀nnà pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i, torí àwọn yẹn ò tíì gba òfin náà síbẹ̀, wọ́n ṣì ń wò ó. Gbogbo wọn ló ti múra de bí ọmọ náà yóò ṣe sọ pé òun gbà. Kò sí ẹnì kan tó bi í bóyá ó gbà.

Ẹ ò wá rí i pé ó yẹ kí n ba aṣọ jẹ́.

Faridah ní kí n má sọ fún bàbá òun. Kò dárúkọ Ìyá Fọládé. Nítorí náà mo tú u sílẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, bó ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa," ló wí, "pásítọ̀ máa ń bi ìyàwó, ìyàwó á sì dáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó sọ pé òun ò gbà. Ìyá rẹ̀ á ti fojú pa á kó tó débẹ̀." Ó mi orí. "Ìwó, ìlú odídẹrẹ́! Ẹyẹ wa ń sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin wa ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

"Ìwọ náà kì í ṣe ará Ìwó ni?"

"Ará Ìwó ni mí. Mo ń bú ara mi mọ́ ọn ni. Dìde ńbẹ̀, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Mo ti ṣèlérí."

"O ṣèlérí pé o ò ní sọ. Ṣé o ṣèlérí pé o ò ní bèèrè?"

Mo ti ìsọ̀ lọ́sàn-án gangan, ohun tí mi ò ṣe rí àfi bí ẹnì kan bá kú. Mo gun ọ̀kadà, ó ń sáré, mo tún ní kó sáré sí i. Nígbà tí mo dé agbo ilé wa, wọ́n ti ń ri irin àtíbàbà mọ́lẹ̀ níwájú mọ́sálásí. Badrudeen jókòó sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Bi mí."

"Bó bá dọjọ́ Sátidé, bí Faridah ò bá fọhùn ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Faridah? Faridah tí ohùn rẹ̀ ń ti ilé kéwú dé ọ̀dọ̀ mi níbí?"

"Mo kàn ní kí n bèèrè ni."

"Bí kò bá fọhùn, kò gbà. Òfin ò ní ojú méjì, Nusirat."

"Ẹ ó lè sọ ọ́ jáde? Níwájú gbogbo èèyàn?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, èmi náà wò ó, mo rò pé ọ̀rọ̀ tí a ò sọ láti ọjọ́ yìí wá ló fẹ́ sọ. Bí ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ ṣí báyìí ni Àlàájì Fàtáì já wọlé, ó ń pariwo láti ìta.

"Àǹtí ìyàwó! Ẹ ti ń múra?"

"À ń múra, Àlàájì."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àga àti ibi tí àwọn Lèmọ́mù àlejò yóò jókòó. Mo dìde, mo jáde.

Khàdíjàh, ìyá Faridah, ń dúró dè mí lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó ilé wa ni, wọ́n ti bí mi sílé kó tó dé, nítorí náà ó máa ń fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ó kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ líle tó fẹ́ sọ.

"Àǹtí, mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ilé mi ká. Tótó ṣe bí òwe o, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ọmọ yìí bá dójú ti bàbá rẹ̀ níwájú àwọn àlejò, òfin yẹn kú nìyẹn. Àwọn tó ń wá ọ̀nà láti yọ bàbá rẹ̀ nípò Lèmọ́mù, wọ́n ti rí i."

"Ìyàwó, ọmọ fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ á mọ́ ọn lára. Ó mọ́ èmi náà lára."

Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni ń sọ iye ìyọ̀ tó yẹ ọbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é, ìyẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ jù lójú mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ń fi làálì sí ọwọ́ Faridah nínú iyàrá. Mo dúró kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde lọ mu omi, mo wá sún mọ́ ọn.

"Gbọ́. Ṣé o lè sọ fún bàbá rẹ lọ́la pé o ò gbà?"

"Mi ò lè sọ ọ́, Àǹtí. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí. Ẹnu mi ò gbé e."

"Nígbà náà, má sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá bi ọ́, dákẹ́. Òfin á sọ ọ́ fún ọ."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí làálì má baà ra aṣọ. "Ṣé bàbá mi á tẹ̀ lé e?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá a lẹ́nu mi, mi ò rí i. Mo fi etí aṣọ mi nu imú rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, mo sì jáde.

Mi ò sùn dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ Sátidé, mo ti gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Nígbà tí oòrùn máa yọ sókè, àtíbàbà ti kún dẹ́nu, kẹ̀kẹ́ ń já èèyàn sílẹ̀ léraléra, àwọn Lèmọ́mù àlejò ti jókòó sí iwájú. Wọ́n mú Faridah jáde. Híjáàbù funfun ló wọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀, èmi lósì. Tẹjúmọ́lá wà ní òdìkejì, ó ń làágùn, ó ti dáhùn tirẹ̀ pé òun fẹ́.

Badrudeen ṣe wáàsí ṣókí. Ó ṣàlàyé òfin náà fún àwọn àlejò, ohùn rẹ̀ sì dùn torí inú rẹ̀ dùn. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Faridah, ọmọ mi. Tẹjúmọ́lá ọmọ Àlàájì Fàtáì ní òun fẹ́ fi ọ́ ṣe aya, sàdáàkì rẹ sì nìyí níwájú rẹ. Ṣé o gbà?"

Faridah ò fọhùn.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. "Ojú ń tì í!" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín. Badrudeen rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúró díẹ̀.

"Faridah, ṣé o gbà?"

Ẹ̀rín kéré sí i báyìí. Mo rí ọwọ́ Khàdíjàh lábẹ́ ìborùn, ó já ọmọ náà ní èékánná nítan. Faridah ò mira. Lèmọ́mù Ilé-Ogbó tẹ orí sí ti Olúpọ̀nnà, ó sọ nǹkan kan sí i létí.

Ààfáà Oyèdàmọ́lá ló dìde. Mo rò pé yóò fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, bí àgbà tó fẹ́ kó ọmọ yọ nínú ẹrẹ̀.

"Lèmọ́mù, kí la tún ń dúró dè? Gbogbo wa la mọ ohun tí ọmọge ń sọ bó bá dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí a bá nílẹ̀. Ẹ so yìgì ọmọ yín."

"Òótọ́ ni!" làwọn èèyàn ń wí. Àlàájì Fàtáì dìde, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ bo máìkì. Mi ò jìnnà sí wọn, mo gbọ́ ọ.

"Badru, ọmọ wa ń tijú ni. So ó. Òfin, a ó tún un ṣe lọ́la."

Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn, kò ju kó gba ibẹ̀ kọjá lọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti wà lórí ìdúró, gbogbo èèyàn ń wò mí, wọ́n ń retí ariwo, torí wọ́n mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ò wá. Mo kàn dúró ti ọmọ náà, mo ń wo ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ti wò ó lọ́jọ́ tèmi.

Ó rí mi. Ó gbé ojú kúrò lára mi lọ sára ọmọ rẹ̀. Omijé ti ń kán sórí làálì ọwọ́ Faridah. Badrudeen bọ́ sílẹ̀ níbi tó wà, ó rìn wá bá wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, agbádá rẹ̀ wọ́ nínú iyanrìn. Kò lo máìkì mọ́.

"Faridah. Ṣé o gbà?"

Kò sí ìdáhùn. Ó dúró dè é pẹ́, ó pẹ́ débi pé àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó wá dìde, ó yíjú kúrò. Bó ti yíjú kúrò lọ́jọ́ tèmi gan-an nìyẹn. Ó gbé máìkì sẹ́nu.

"Kò gbà," ló wí.

Ohùn kan náà ni. Ó dún ketekete bíi ti àtijọ́.

Mi ò ní lè ròyìn ariwo tó tẹ̀ lé e. Àlàájì Fàtáì ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, kò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn òun dìde. Tẹjúmọ́lá nìkan ló yà sọ́dọ̀ Faridah. "O ò bá ti sọ fún mi," ló wí. Òótọ́ ló sọ, àánú rẹ̀ ṣe mí. Lèmọ́mù Ilé-Ogbó wọ ọkọ̀ láì dágbére. Ti Olúpọ̀nnà di ọwọ́ Badrudeen mú, ó di í mú pẹ́, kò sọ nǹkan kan, ó lọ. Khàdíjàh wọlé lọ sunkún. Títí di òní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló fi ń kí mi. Wọ́n ní àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kúrò nínú òfin, kí àlàáfíà lè jọba. Bóyá wọn yóò yọ ọ́. Ilé mi ni Faridah sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sùn bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ náà kan náà, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, mo bá Badrudeen níbi tó jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà, òun nìkan, láàárín àwọn àga òfìfo. Mo gbé omi fún un. Ó gbà á, kò mu ún.

"Nusirat, lọ́jọ́ yẹn, o ò fọhùn."

Mi ò bi í pé ọjọ́ wo. "Mi ò fọhùn."

"Mo rí omijé rẹ."

"Mo mọ̀ pé ẹ rí i. Mo ṣí aṣọ lójú kí ẹ lè rí i."

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá wa wà níta, gbogbo èèyàn ń dúró. Mo jáde, mo parọ́ fún wọn. Kò sí yìgì tí mo so láti ìgbà náà tí ojú rẹ ò wá síwájú mi."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti múra sílẹ̀ dè é lójú ọ̀nà ọjà, lórí ọ̀kadà, nídìí aṣọ. Mo ti ní bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, màá pariwo mọ́ ọn títí àwọn aládùúgbò yóò fi sáré wá, màá ro ọ̀rọ̀ Ilé-Ogbó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wá sọ ọ́ báyìí, inú mi sì dákẹ́ lọ láú.

"Ṣé o dárí jì mí?" ló bi mí.

Mi ò dáhùn. Kì í ṣe pé mo kọ̀, kì í sì í ṣe pé mo gbà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù nínú mi, kò mọ ọ̀nà ẹnu mọ́. Lẹ́yìn wa, àwọn tó ń tú àtíbàbà ń ju irin lé ara wọn. Badrudeen wo ojú mi, kò sì yíjú kúrò. Kò sọ pé mo ti gbà. Ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá eruku orí rẹ̀ nù, mo jókòó, ó sì ń dúró.